Mudu Méjìlélọ́gbọ̀n

Àtìní, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì, 2023
Èmi ni mò ń sọ ọ́, Raliat ìyàwó ọmọ mi ló ń kọ ọ́. Ilẹ̀ mì ní Tọ́kì lóru. Hafeezat ọmọ Raliat tó ń kàwé níbẹ̀ — Alágídí mi — pè láàárọ̀. Ìta ni wọ́n sá sí, òun àti Túnráyọ̀ ọmọ àdúgbò Kwangila níbí tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Yìnyín ń já bọ́ lé wọn lórí. Ó ní méje pọ́ìntì mẹ́jọ ni. Mo ní ìyẹn ò tíì pé mẹ́wàá. Ògiri tó máa wó ti wó, ẹ padà wọlé kí òtútù má pa yín. "Ó dáa, Màmá." Túnráyọ̀ náà kí mi, ó ní òun wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

Ọjọ́ kan náà, lẹ́yìn ìrun Àìlà
Wọ́n ní ó tún mì lọ́sàn-án yìí. Fóònù Alágídí ò lọ.

Àtàláátà, ọjọ́ keje
Kò lọ.

Àlàrùba, ọjọ́ kẹjọ
Mo pe Bẹ̀llò, ayálégbé wa tó ń kọ́ni ní yunifásítì. Kí ni méje yìí? Ó ní kì í ṣe máàkì ìdánwò. Bó bá fi ẹyọ kan gòkè, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po méjìlélọ́gbọ̀n. Mi ò gbà. Mo wọn mudu ọkà bàbà kan sórí ẹní. Mo wọn méjìlélọ́gbọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àpò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.
"Màmá, láti mẹ́fà sí méje péré nìyẹn."
Mímì kejì tó tẹ̀lé e lọ́sàn-án ńkọ́? Ó ní àkọ́kọ́ á la ògiri, ìkejì á wó o. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn kì í fi í padà wọlé.
Raliat dá bírò dúró. Mo ní kó kọ ọ́.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹsàn-án
Susanna tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé, tó máa ń pè mí ní Kaka, ìyá àgbà ní Háúsá, ń gúnyán lẹ́yìnkùlé. Ife mì lórí tábìlì. Mo bá ara mi níta láìwọ bàtà.
"Kaka, ta ló ń lé yín?" Ó ń rẹ́rìn-ín.


Jímọ̀, ọjọ́ kẹwàá
Ìyá Túnráyọ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, bí ọmọ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní kí n máa bá òun ṣàdúà. Mi ò sọ ohun tí mo sọ lórí fóònù. Raliat náà ò sọ ọ́. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ mi, kò bá mi sọ ọ̀kan.

Àlàádì, ọjọ́ kejìlá
Alágídí pè. Ó wà láàyè. Fóònù ẹlòmíràn ló yá.
Mo ní, ṣé o wọlé? "Màmá, mo kàn dá yín lóhùn ni."
Mo ti na ọmọ yìí títí torí etí dídi. Ọpẹ́ ni pé kò wọ̀ ọ́ lára.
Túnráyọ̀ ńkọ́? Ó dáhùn: "Ó ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ó lọ mú kóòtù àwa méjèèjì." Àná ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde.
Raliat ní òun á lọ sọ fún ìyá Túnráyọ̀. Rárá. Ẹnu mi ló rán an wọlé. Kó kọ èyí tán, kó bá mi pe kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Kwangila.