Wọ́n Ní Kí N Máa Ka Tanátaná

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun kó o tó jáde láàárọ̀? Ilẹ̀ tó o bá tẹ̀ níbẹ̀ yóò gbà ọ́, o kò ní ṣìnà, o kò sì ní bá aṣinilọ́nà pàdé. Àlàáfíà la wà nílé, àfi ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kó o gbọ́.

Obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì àwọn tó ń mójú tó igbó àti odò, ó pín fọ́ọ̀mù fún gbogbo àdúgbò, ó ní ká máa jókòó sẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́ àsìkò ooru yìí, ká máa ka tanátaná, torí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti ń dín kù. Mo bi í pé ta ló fẹ́ rà wọ́n. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ẹni tá a bi ní ọ̀rọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ìwọ náà mọ̀ pé ó ní ohun tó ń fi pa mọ́. Fọ́ọ̀mù ọ̀hún tún ń béèrè nọ́ńbà fóònù mi. Kí ni tanátaná fẹ́ bá mi sọ? Nọ́ńbà káfíńtà aládùúgbò wa ni mo kọ sí i, kó jẹ́ òun ni wọ́n á máa pè.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi jókòó, òdo ni mo ń kọ. Bẹ́ẹ̀ nígbà tó o wà ní kékeré, wọ́n máa ń pọ̀ lẹ́bàá kànga débi pé o sá tẹ̀ lé wọn títí o fi ṣubú. Mo wá rò ó wò: iná inú fóònù yín yẹn, níbo ló ti wá? Tanátaná ń dín, fóònù ń pọ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Káfíńtà, tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín, kọ mẹ́sàn-án. Mo ní irọ́ ni, ẹ̀bùn ló ń wá. Ìyàwó rẹ̀ kọ mẹ́jọ, mo ní wọ́n ti jọ gbìmọ̀ pọ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje mo gbé àpótí ìjókòó mi lọ sáàárín wọn kí n lè ká wọn mọ́ ọn. Káfíńtà ní ọ̀kan ti bà lé mi lápá. Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Ó rọra gbé ọwọ́ mi sún mọ́ ojú mi, ìgbà yẹn ni mo tó rí i, bàìbàì, bí ẹyinná tó fẹ́ kú.

Ọmọ mi o! Wọ́n ti dín kù lóòótọ́, káfíńtà náà ní tẹ́lẹ̀ ẹnì kan ò lè kà wọ́n tán. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án tó kù yẹn, iwájú mi ni wọ́n ń gbà kọjá. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń bá ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ fún mi jà pé abẹ́rẹ́ ìsinsìnyí kò níhò. Mo rán bùbá ìyàwó tíṣà, apá ọ̀tún gùn ju tòsì, mo sọ fún un pé apá tirẹ̀ ni kò dọ́gba. Aránṣọ bíi tèmi.

Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Wá owó dókítà ojú fún mi, má fi ránṣẹ́ sínú fóònù, mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbà yọ ọ́, mi ò sì fẹ́ kí káfíńtà bá mi yọ ọ́. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá kí ooru tó lọ. Wàá jókòó tì mí lẹ́yìn ilé. Iye tó o bá ní o rí, òun ni màá kọ, mi ò ní bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀nà ṣókùnkùn mọ́ ọ lójú.

Èmi ni, ìyá rẹ.