Abúlé Sẹ̀sílì Nínú Àwòrán

Dáṣà, Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

Ó di ọjọ́ kẹrin tí ilẹ̀ ti mì tìtì ní Mòrókò, tí tẹlifóònù Sẹ̀sílì ọmọ wa, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní abúlé kan níbẹ̀, kò wọlé mọ́.

Lónìí ni Nikolá dé, ẹni tí mo kọ́ ní ìṣirò, tó ṣì ń pè mí ní Maître bíi ti kíláàsì, tó ti di ẹnjiníà ní Kùtọnu. Ó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, ó wúkọ́ bí àlùfáà tó fẹ́ wàásù. Ó ní sátẹ́láìtì ló ya àwòrán náà lóru, ọ̀kan kí ilẹ̀ tó mì, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí iná bá ti kú, ibẹ̀ ni ilé ti wó.

Ìyàwó mi sún mọ́ ọn. "Abúlé ọmọ mi ńkọ́?"

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà."

Ló bá bú sẹ́kún ayọ̀, ó gba Arigbo lọ, ibi ihò àpáta tí a ti ń gbàdúrà, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà.

Mo tún wo àwòrán náà. Dúdú ni abúlé náà tẹ́lẹ̀, dúdú náà ni báyìí. Ṣebí Sẹ̀sílì ti kọ̀wé pé àtùpà lòun fi ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Bí ahéré wa tí kò níná ní oko Gbaffo bá wó lulẹ̀, ohun kan náà ni ẹ̀rọ yẹn yóò wí.

"Nikolá, iná wo ni ì bá kú níbẹ̀?"

"Maître..." Ẹnjiníà wa ń wo bàtà rẹ̀.

Ìyàwó mi ti dé. Ó ń kọrin ní ibi ìdáná, ó sì ti jẹun, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń fi gègé pupa ṣàtúnṣe àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ. Èyí, mi ò lè fọwọ́ kàn án.