Ilẹ̀ Abẹ́ Fèrèsé Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Èmi àbígbẹ̀yìn yín ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní Ọgbà, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ kọ lẹ́tà sí ṣáájú gbogbo èèyàn. Ìbá jẹ́ ìròyìn ayọ̀ ni.

A ti wó ilé yín ní Agége. Ó ń jò, ògiri rẹ̀ ti sán. Rọ́nkẹ́, ọmọ ọmọ mi tó di ayàwòrán ilé, ló ya tuntun: ilé tí oòrùn yóò máa fún ní iná, tí afẹ́fẹ́ yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá, tí òjò orí òrùlé yóò máa ṣàn sínú táǹkì lábẹ́ ilẹ̀. Kò fẹ́ búlọ́ọ̀kù onísìmẹ́ńtì. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ jáde níbi táǹkì náà ni wọn yóò fi ẹ̀rọ tẹ̀ di búlọ́ọ̀kù. Mo fi í yangàn títí ní kíláàsì.

Ó tẹ́ bébà ńlá náà síwájú mi.

“Màmá àgbà, ẹ wò ó dáadáa o. Ṣé kò sí ohun tí mo gbàgbé?”

Ìlà lórí ìlà ni mo rí. Mi ò mọ èwo ni yàrá, èwo ni ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ṣebí èmi ni mo ti pariwo fún gbogbo ilé pé mo ti mọ̀wé? Mo ti awò sójú, mo mi orí bí ọ̀gá.

“Ó dáa. Níbo ni kí n buwọ́ lù?”

“Ẹ kàn tẹ̀ka, Màmá.”

“Ta ni yóò tẹ̀ka? Èmi?”

Mo kọ orúkọ mi, mo sì kọ tiyín tí mo ń jẹ́ tẹ̀ lé e. Ó pàtẹ́wọ́: “Màmá ọ̀mọ̀wé!”

A-béèrè kì í ṣìnà. Ìpanumọ́ ló fa sábàbí.

Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú yín, ni Rọ́nkẹ́ rò pé a sin yín sí. A ò gbé òkúta lé sàréè yín. Ó kàn ń rí mi tí mò ń gbá abẹ́ fèrèsé yàrá yín láràárọ̀ ni. Ibẹ̀ lẹ ní ká sin yín sí, kí ẹ lè máa gbọ́ ohùn wa. Ibẹ̀ gan-an ni táǹkì bọ́ sí.

Ọ̀dọ̀ ìyá Rọ́nkẹ́ ní Omole ni mo wà nígbà tí katapílà dé. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti po iyẹ̀pẹ̀ pọ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti ń sá a. Àwọn òṣìṣẹ́ ní iyẹ̀pẹ̀ pupa lásán làwọn rí. Rọ́nkẹ́ kúnlẹ̀, ó ń sunkún: “Màmá, ẹ̀yin lẹ ní ó dáa.”

Ará ilé ń tù mí nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Bàbá, agbè tèmi fọ́.

Ṣé ẹ rántí? Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Ìkẹjà, ẹ ó fi ìka kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó wọlé. Àwa ọmọ á sì kàn án padà láti inú.

Ilé tuntun náà tutù, ó rẹwà. Láti GRA làwọn èèyàn ti ń wá wò ó. Lánàá, mo yí i ká, mo ń kan búlọ́ọ̀kù ògiri rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dúró, mo tẹ́tí.

Bàbá, inú èwo lẹ wà?

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ yín sórí bébà náà.