Alhaja Mùyìbátù Àbẹ̀kẹ́ Ọlágòkè: Ìyá Tí Kò Gbà Pé Gbogbo Pupa Ni Pupa

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí màmá wa sí ní ọdún 1951, ní agbo ilé àwọn ahunṣọ. Baba wọn, Ògúnsúyì Ládòkun, ń hun aṣọ òfì. Ìyá wọn, Ifádùnní, ọmọ Ìgbòho, ń pa òwú láró. Ẹni tí ó bá pe òwú ní pupa lásán nínú ilé yẹn, wọ́n á bi í pé pupa èwo: ti epo ni, ti osùn ni, àbí àlàárì?

Màmá jáde ilé ìwé mọ́dà ní 1968, wọ́n sì wọ iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní Ṣakí ní 1971. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka lẹ́tà fún àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà lẹ́yìn odi. Ní 1974 wọ́n fẹ́ Alfa Mùstàfá Ọlágòkè, olùkọ́ ilé kéwú, wọ́n gba Ìsìláàmù, orúkọ wọn sì di Mùyìbátù. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 2003.

Níbi iṣẹ́ ni sítáǹbù àtijọ́, ti ayé òyìnbó, ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀. Bí orí ọba tó wà lára sítáǹbù méjì bá tilẹ̀ jọra, màmá á ní ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Wọ́n á gbé e sójú oòrùn láti wo àmì tó wà nínú ìwé rẹ̀. Wọ́n á fi òrùka fàdákà ìgbéyàwó wọn ra etí rẹ̀. Bí òrùka bá fi ìlà dúdú sílẹ̀, a jẹ́ pé ìwé tí wọ́n fi ẹfun kùn lójú ni. Ìdí wọn kì í balẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan ní lẹ́tà àtijọ́ ní Ofiki, ọ̀kadà á ti gbé wọn lọ, ọbẹ̀ á wà lórí iná. Ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ ló jóná nílé wa.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2006. Ní 2011, ní Ìgbòho, ọwọ́ wọn tẹ sítáǹbù tí wọ́n ti ń wá látọjọ́ pípẹ́, èyí tó ní àwọ̀ àlàárì lórí ìwé ẹlẹ́fun, tí ó ṣì lẹ̀ mọ́ àpò lẹ́tà. Màmá lọ kírun. Alfa, tí wọ́n ti fi ọjọ́ ayé wọn fọ hàǹtú kúrò lójú wàláà àwọn ọmọ kéwú, rò pé àwọn ń ṣe ìrànlọ́wọ́: wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n sì rẹ àpò náà sínú abọ́ omi. Sítáǹbù náà ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ àlàárì rẹ̀ ti wọ inú omi. Àwọn ará ilé ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Màmá ní omi yìí gan-an ló fọ́ agbè tòun.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún Alfa, wọ́n ń kí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti àpótí sítáǹbù mọ́ wọn. Ó dun Alfa gan-an. Màmá sì ń wá òmíràn kiri. Ní 2019 ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ẹ̀rù sì bà wọ́n pé òkùnkùn á dé kí àwọn tó rí i. Ọlọ́kadà kankan kò sáré tó lójú wọn mọ́.

Ní 2024, opó kan ní Ìjio fún wọn ní àpò lẹ́tà kan tí sítáǹbù wà lára rẹ̀. Òrùka fi hàn pé ìwé ẹlẹ́fun ni, ṣùgbọ́n màmá kò rí àwọ̀ rẹ̀. Àwa ọmọ nawọ́ sí i, wọ́n kọ̀, wọ́n ní ká pe Alfa wá.

“Ẹ gbà á, Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì. Ojú tó kù nínú ilé yìí, tiyín ni.”

Alfa gbé e lọ sí ìta. Bí wọ́n bá ní àlàárì ni, ta ni yóò já wọn nírọ́? Wọ́n pẹ́ lójú oòrùn kí wọ́n tó wọlé.

“Osùn ni, Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì. Kì í ṣe òun.”

Màmá tú kọ́kọ́rọ́ ní etí ìró wọn, wọ́n fi í lé Alfa lọ́wọ́, wọ́n sì béèrè ìgbà tí àwọn méjèèjì á jọ jáde. Láti ìgbà náà, orí ọ̀kadà kan náà ni wọ́n ń jókòó sí. Wọn kò tíì rí i nígbà tí màmá jẹ́ ìpè Ọlọ́hun ní ọdún 2025.

Wọ́n fi àwa ọmọ sílẹ̀ sáyé: Ọ̀ṣẹ́nì, Àdìjátù, àti Tàófíìkì pẹ̀lú Beauty, aya rẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ. Wọ́n fi Alfa Mùstàfá náà sílẹ̀. Alfa ò sí nílé bí a ti ń kọ èyí. Wọ́n gbọ́ pé lẹ́tà àtijọ́ kan wà ní Ofiki, wọ́n ti gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ láti àárọ̀.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà ṣe ilé yín, màmá. Ẹ sùn re o.