Òrùka Tín-ín-rín Àárín

Merv ọkọ mi,

Ìlú Adelaide dùn, ara mi sì le. Òrùka dáyámọ́ǹdì Kirsty ìyàwó ọmọ wa ló ń ha òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Alágbẹ̀dẹ wúrà bá ki òrùka tín-ín-rín kan sáàárín wọn. Ó ní, "Ìyá, èyí ni yóò máa jìyà wọn. Tó bá gbó, a ó pààrọ̀ ẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí!

Àárín Kirsty àti ọmọ wa ni mo máa ń jókòó sí wo eré kíríkẹ́ẹ̀tì lórí tẹlifíṣọ̀n.

Kirsty á ní, "Màámi, ẹ sọ fún ọmọ yín o!"

Ọmọ wa á ní, "Màámi, ẹ sọ fún un pé mo ti gbọ́!"

Wọn ò jà mọ́ rárá. Aṣọ tó tóbi jù mí lọ nínú fọ́tò tí mo fi sínú lẹ́tà yìí, bí wọ́n ṣe ń rán an níbí nìyẹn.

Bá mi kí àwọn adìẹ wa.

Noeline rẹ