Yàrá Tí A Kì Í Gbà Padà

Ọmọ mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí máa bá ọ, Ẹni tó ń ṣọ́ ọ níbi iṣẹ́ kò ní í tòògbé. Ara èmi le, ara ìyá rẹ náà le, àfi pé inú rẹ̀ kò dùn sí mi, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ló sì mú mi gbé bírò.

O kọ̀wé pé o to ẹ̀rọ kan sí yunifásítì yín tó ń pín àdírẹ́sì, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń rí i, fún gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì yín, pé kò sí èyí tó ń du àdírẹ́sì mọ́ra wọn lọ́wọ́ mọ́, àti pé bí ọjọ́ tí a dá fún ọ̀kan bá pé, tí kò wá tọrọ sí i, ẹ̀rọ á gbà á fún ẹlòmíràn. Mo ní ọgbọ́n rèé. Mo bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ gbogbo ayálégbé wa, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé á kí mi, á tọrọ yàrá, màá sì fún un ní èyí tó ṣófo. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá àgbà tó háyà yàrá ẹ̀yìnkùlé lọ wẹ̀, kó tó dé, ayálégbé wa kan tó ń ṣe wẹ́dà, tó ń jó irin, ti ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní yunifásítì.

Ó ṣe, ó kan yàrá tìrẹ. Ọdún mẹ́ta rèé tí o kò wálé, mo gbà pé ọjọ́ tìrẹ ti pé, mo fi aránṣọ kan síbẹ̀. Ìyá rẹ kò pariwo, ó kàn bi mí bóyá ọmọ òun ti di àlejò nílé yìí ni. Ó dùn mí wọra.

Ni mo bá tún lẹ́tà rẹ kà dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni o kọ ọ́ sí pé ẹ kì í gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, pé tirẹ̀ ni títí láé, kí ẹni tó bá ń wá a lè máa bá a níbẹ̀. Ojú tì mí. Mo bẹ aránṣọ, ó kó jáde, mo dá kọ́kọ́rọ́ oníkálùkù padà, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ rẹ sára ilẹ̀kùn gàdàgbà.

Òrùlé yàrá náà ń jò, jọ̀wọ́ fi owó páànù díẹ̀ ránṣẹ́. Bí ọwọ́ rẹ kò bá sì ká a, má wulẹ̀ fi ránṣẹ́, fi èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ wọ mọ́tò wálé. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ọlọ́run á mú ẹsẹ̀ rẹ dé láyọ̀, o kò ní í bá wa ní òfò. Bí o bá dé, má ṣe tọrọ yàrá lọ́wọ́ mi o. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn ìyá rẹ, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Èmi bàbá rẹ ni.