Ọ̀pọ̀lọ́ Tí Mi Ò Ní Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Ṣe Pààrọ̀

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń falẹ̀ kó tó jáde. Ẹ kúkú mọ ibi tí mo bá ìwé dé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ọ̀kà níbí. Mo ti dé ilé ọkọ, ẹ ò sì dúró láyé wò mí. Ta ni kí n bi pé kí ló dé?

Ọkọ mi dára sí mi. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń ta gémù kan lórí fóònù: wọ́n á mú ẹranko abàmì, wọ́n á sìn wọ́n dàgbà, wọ́n á kó wọn jà. Nígbà tó rí i pé mò ń yọjú, ó kọ́ mi. Àwa méjèèjì la jọ ń ta á báyìí.

Ṣùgbọ́n inú ilé yìí ni mo bá àwọn ẹranko náà. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Bí mo ṣe sọ àbúrò ọkọ mi ní Akọ̀wé, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sọ àwọn ẹranko lórúkọ tèmi. Ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Kí wọ́n máa rín in. Èèyàn kì í sọ ẹnìkan lórúkọ láì wò ó dáadáa. Mo ti wò wọ́n, mo sì ní ọ̀rọ̀ sọ, èmi tí kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ.

Àwọn kéékèèké olójú ńlá tí gbogbo ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn, èmi ò rí nǹkan kan lára wọn. Ojú ẹni tó ń tọrọ nǹkan ni wọ́n fi ń woni. Ọ̀kan wà tó dà bí ológbò. Ó dára ní kékeré, ó ń fẹsẹ̀ mẹ́rin rìn. Bó ṣe dàgbà báyìí, wọ́n gbé e nàró lórí ẹsẹ̀ méjì, wọ́n fún un láyà gbàgìdì. Ta ló ní dandan ni kí ohun tó bá dàgbà di èèyàn? Òmíràn dà bí àgádágodo tó lójú. Yẹ̀yẹ́ ni Akọ̀wé ń fi í ṣe. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń ṣọ́lé tọ̀sán-tòru, kí ló dé tí kò ní lójú?

Àyànfẹ́ mi ni ọ̀pọ̀lọ́ kan. Ẹnu rẹ̀ wọ́, ewéko hù lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Olóyè Ìdí-Àmù. Ẹ rántí ti ìdí àmù wa ní Ìkàrẹ́, tí ẹ kì í jẹ́ ká fi ìgbálẹ̀ lé? Ẹ máa ń kí i láàárọ̀ kí ẹ tó bu omi ìbọ́jú. Ẹni tó ya ti inú gémù yìí mọ ọ̀pọ̀lọ́. Bí mo bá wò ó, mo mọ ibi tó ń sùn, mo mọ ohun tó ń jẹ.

Akọ̀wé ní dírágónì kan nínú gémù náà, bí alángbá ńlá: ìyẹ́, ìwo, iná nídìí, wúrà lọ́rùn. Ó dà bí ẹni tó wọ gbogbo aṣọ inú àpótí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbo ni yóò jókòó sí? Òun ni ọkọ mi fẹ́ gbà, kó fi Olóyè mi ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ó ti gbà fún Akọ̀wé, tó ń bọ̀ láti Ìpè lónìí. Bí wọ́n bá ti ṣe é, a ò lè gbà á padà mọ́. Wọn ò bi mí. Mo dákẹ́ láti àárọ̀, wọ́n rò pé mo ti gbà.

Mi ò gbà! Àṣà tó ní kí n máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tí mo bá nílé, òun náà ni màá fi dá wọn lóhùn: ta ní ń fi ẹ̀gbọ́n ilé ṣe pààrọ̀?

Ẹ jẹ́ n yáa fọwọ́ sí lẹ́tà yìí kí wọ́n tó pè mí. Èmi ni, ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ.

Bàbá, mo gbọ́ ọ̀kadà lójúde. Akọ̀wé ti ń pariwo: “Ìyàwó wa o! Gbé fóònù yẹn wá, kí o wá kí ọ̀pọ̀lọ́ rẹ pé ó dàbọ̀!”

Ọwọ́ mi ni fóònù wà. Mò ń lọ. Màá kúnlẹ̀ kí Akọ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dìde, màá ní: Olóyè ò ní lọ!